Bàbá Tó Jókòó Lórí Afárá

Ìró ọ̀pá bàbá mi ló máa ń kọ́kọ́ dún sí mi létí bí mo bá rántí ọdún tí mo fi jókòó sílé lẹ́yìn tí mo jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì. Á fi kan sìmẹ́ńtì pálọ̀ wa ní Ìkọ̀lé. Ẹ̀ẹ̀kan túmọ̀ sí pé kí n máa lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì túmọ̀ sí pé kí n padà, mo ti fo ilé kan. Kì í ṣe pé a wà lójú pópó o. Iwájú tẹlifíṣọ̀n la wà, èmi lórí ẹní, òun lórí àga tí wọ́n ń gbé e sí láàárọ̀ tí wọ́n sì ń gbé e kúrò nírọ̀lẹ́, géèmù la sì ń ṣe. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Èmi ní tèmi ń dúró de ìwé yunifásítì tí kò dé. Nínú àwa méjèèjì, kò sẹ́ni tó níbi tó ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́ kó tó di ẹni tí wọ́n ń gbé. Wolé-wolé ni. Bí ẹ bá dàgbà tó, ẹ ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ṣe síni nínú. Ó lé lógún ọdún tó fi gun kẹ̀kẹ́ káàkiri apá ọ̀dọ̀ wa, láti Ìtapàjí dé Ayébọ̀dé, láti Ìrè dé Ọ̀yẹ́, tó ń wọ ilé onílé, tó ń ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, tó ń yọjú sí ṣáláńgá. Bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ti yọ, àwọn ọmọdé á figbe ta, "Wolé-wolé dé o!", àwọn ìyá wọn á sì gbá ìgbálẹ̀ mú. Wọ́n bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n sì tún fẹ́ràn rẹ̀, nítorí kò gba adìẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. "Ẹni tó bá jẹ adìẹ onílé," ló máa ń wí, "kò ní lẹ́nu láti sọ fún un mọ́ pé àgbàlá rẹ̀ ń rùn." Ọ̀rọ̀ yìí padà wá dá wa lóró, bí ẹ ó ṣe gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fi géèmù náà ránṣẹ́. Ó ti lọ sí Japan, ó ní òun ríṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà ara mọ́tò. Ọmọ Ìdó kan tó ń bọ̀ wálé ló fi ẹ̀rọ náà rán, pẹ̀lú síìdì kan ṣoṣo àti mẹ́mọ́rì káàdì kan tí kò tó páálí ìṣáná. Kò fi lẹ́tà sí i. Láti ọjọ́ náà, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Bàbá mi kì í dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kadà bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa báyìí, orí rẹ̀ á yí síbẹ̀.

Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn páálí síìdì náà pé eré yìí á gbà ju ọgọ́rin wákàtí lọ. Mo kà á fún bàbá mi. "Ọgọ́rin wákàtí! Ṣé àwọn ará ibẹ̀ kì í lọ sóko ni?" Èmi rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni n ó fi parí rẹ̀, nítorí ọmọ tó gbọ́n lójú ara rẹ̀ ni mí nígbà náà. Ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, tó kúrò ní abúlé rẹ̀ láti lọ ṣẹ́gun ọba burúkú kan tó ń gbé inú ilé òkúta ní òpin ayé. Gbogbo ohun tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ bá sọ ni wọ́n ń kọ lédè òyìnbó sójú tẹlifíṣọ̀n, èmi á sì máa fi Yorùbá sọ ọ́ fún bàbá mi.

Ọjọ́ kẹta ni ọ̀pá kọ́kọ́ dún. Mo ti ń sáré la abúlé kọjá nígbà tó ní, "Dúró ná. Wọ ulé yẹn." Mo wọ ilé náà. Ó yẹ ibẹ̀ wò fínnífínní: ìkòkò, ààrò, bẹ́ẹ̀dì, aṣọ tí wọ́n sá sójú fèrèsé. "Ṣáláńgá wọn dà?" Mo wá a títí, kò sí. A wọ ilé kejì, a wọ ìkẹta, a wọ gbogbo abúlé tán, kò sí ṣáláńgá kan ṣoṣo. "Háà! Níbo wá ni gbogbo èèyàn yìí ń gbà lọ?" Mo rẹ́rìn-ín títí ìyá mi fi yọjú láti ẹ̀yìnkùlé. Mo ní, "Bàbá, wọ́n kàn yà á ni." Ó mi orí. "Ẹni tó bá ya ilé, ilé tó mọ̀ ló ń yà. Irú ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń gbé nìyí." Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tó ń wá kiri nínú ilé àwọn ẹni ẹlẹ́ni. Mo mọ̀ pé Japan kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo tún wọ ilé kan fún un.

Bí òfin ṣe wọ eré wa nìyẹn. Nínú géèmù yìí, gbogbo ilé ló ní ìkòkò àti àpótí téèyàn ń ṣí, tó sì ń mú ohun tó wà nínú rẹ̀: oògùn, idà, aṣọ ogun. Àwọn tó ṣe é ló fi wọ́n síbẹ̀ kí ọ̀dọ́mọkùnrin wa lè lágbára. Mo ṣí ìkòkò àkọ́kọ́.

"Kí lo mú yẹn?"

"Oògùn ni, Bàbá."

"Ta ló fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó fún mi. Onílé wà níbẹ̀, kò bínú."

"Olè ni yóò fi ṣẹ́gun ọba náà? Dá a padà."

Kò ṣeé dá padà. Ó bínú sí mi di ọjọ́ kejì, láti ìgbà náà a ò sì mú nǹkan kan nílé ẹnikẹ́ni mọ́. A kì í sì í kúrò nílùú láìdágbére. Ohun tó mú èyí dùn tó sì mú un gùn ni pé, bí nǹkan kékeré bá ṣẹlẹ̀ báyìí, gbogbo ará ìlú inú eré náà ló máa ń ní ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́nu. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì á sọ pé ẹsẹ̀ ọkọ òun ti sàn. Ọmọ tí ológbò rẹ̀ sọnù á sọ pé ológbò náà ti padà, ó sì ti bí mẹ́ta. Bàbá mi á ní ká lọ kí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. "Àwọn tó ṣe eré yìí ti gbé láàárín èèyàn rí," ló wí. Inú rẹ̀ dùn, ẹ ò ní gbà gbọ́. Ẹni tí kò lè dá dé ẹnu ọ̀nà ń rìn láti ìlú dé ìlú. Ìyá mi á ní, "Ẹ̀yin wolé-wolé méjì yìí, ẹ ò ní yéé gbé inú ilé onílé." Wọ́n á mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á dá a padà fún wákàtí méjì, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a tọ́jú eré dé sórí káàdì. Ìgbà ọyẹ́ la bẹ̀rẹ̀, òjò bá wa lẹ́nu rẹ̀, òjò tún lọ.

Lórí afárá tó wà lẹ́nu abúlé àkọ́kọ́ nínú eré náà ni bàbá arúgbó kan jókòó sí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti lọ sí òkèèrè, kò gbúròó rẹ̀. Ó ní bí a bá rí i lọ́nà, ká jọ̀ọ́ padà wá sọ fún òun. Ẹni tó bá mọ irú eré yìí mọ̀ pé ìyẹn ò pọn dandan, èèyàn lè gbàgbé rẹ̀ kó sì parí eré rẹ̀ ní àlàáfíà. Bàbá mi ò gbàgbé. Bí a bá ti wọ ìlú tuntun, ohun tó kọ́kọ́ ń sọ ni pé, "Wá ọmọ bàbá yẹn." Bí mo bá kùn, á ní, "Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún."

Oṣù kẹwàá tí a ti ń ṣe eré náà la rí ọmọ yẹn, nínú ìlú kan tí yìnyín bò. Ó ń tún bàtà ṣe. Ó ní, "Ẹ sọ fún bàbá mi pé mo wà láàyè. Ojú ló ń tì mí." Bàbá mi ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Omi wà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí apá kan tó ṣì lè rẹ́rìn-ín. "Ó tó. Ká máa padà lọ sọ fún un."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìwé yunifásítì mi dé. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kí n lọ. Láti ìlú yìnyín dé afárá, bí bàbá mi ṣe ń rìn tó ń kí gbogbo èèyàn lọ́nà, ọjọ́ mẹ́wàá kò lè tó. Mo dá a lóhùn pé a ó lọ, ṣùgbọ́n òpin eré náà ló wà lọ́kàn mi. Oṣù mẹ́wàá! Kí n wá lọ láìmọ bó ṣe parí? Ọjọ́ Ìsinmi ni ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, aládùúgbò kan fi mọ́tò gbé bàbá àti ìyá mi lọ. Mo ní orí ń fọ́ mi. Bí ìró mọ́tò náà ti lọ tán, mo tan ẹ̀rọ. Iná tí kì í sí, ó wà lọ́jọ́ náà.

Èrò mi ni pé n ó yára ṣẹ́gun ọba yẹn, n ó sì padà sọ́nà afárá kí wọ́n tó dé. Mo dé ilé òkúta. Lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹni tó bá wọlé kò ní lè jáde mọ́, ṣé mo fẹ́ wọlé? Èmi tí mo ń bá ẹlòmíràn kàwé kà á tán, mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ dẹ́rù bani ni. Mo wọlé. Ilẹ̀kùn tì. Mo tọ́jú eré síbẹ̀, bí bàbá mi ṣe kọ́ mi pé kí n máa tọ́jú rẹ̀ níbi gbogbo tó bá ṣeé ṣe, àyè kan ṣoṣo ló sì wà lórí káàdì wa, èyí tuntun ló gbà á, ti tẹ́lẹ̀ sì pa rẹ́. Mo bá kọjú sí ọba. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló lù wá, ó pa wá. Mo tún lọ, ó tún pa wá. Lẹ́ẹ̀keje ni ojú mi là. Àwọn idà tí à bá fi ṣẹ́gun rẹ̀ wà nínú ìkòkò àti àpótí tí a fi sílẹ̀ fún onílé. A ò lè tẹ̀ síwájú. Mo sáré padà sí ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ò mì.

Agbádá ìkórè ṣì wà lọ́rùn bàbá mi nígbà tí wọ́n gbé e jókòó. Ó wo òkúta dúdú tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pá dún lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò mira. Ó tún dún lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá, mi ò lè padà."

"Ṣé kò sí ọ̀nà ẹ̀yìn ni?"

"Kò sí, Bàbá."

"Bàbá orí afárá ńkọ́?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí Bàbá má bínú, mo ní a lè tún un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, n ó jókòó tì wọ́n títí di ọjọ́ tí n ó lọ. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. "Àwọn tuntun nìyẹn," ló wí. "Kì í ṣe bàbá tó rán wa níṣẹ́ mọ́." Ó ní kí n pa ẹ̀rọ náà. Kò bá mi jà. Ká ní ó fi ọ̀pá náà nà mí ni, ara ìbá tù mí díẹ̀.

Mo lọ sí yunifásítì. Ìyá mi sọ fún mi pé kò jẹ́ kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà mọ́, ìta ló ní kí wọ́n máa gbé òun sí, kí òun kọjú sí títì. Ibẹ̀ ló wà tí àrùn náà fi padà wá lẹ́ẹ̀kejì, nígbà òjò, ó sì mú un lọ.

Ọdún kẹta lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, nígbà tí fóònù ti dé apá ọ̀dọ̀ wa, nọ́ńbà gígùn kan pè mí lọ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó sunkún. Ó ní nǹkan ò rí bí òun ṣe rò ó, ojú ló ń ti òun. Ó wá ní, "Bá mi gbé e fún Bàbá." Mo ní, "Ẹ dúró ná." Ó ní, "Àbí wọn ò sí nílé ni?" Mo ní, "Wọn ò sí."

Àwọn ọmọ mi ń ṣe géèmù báyìí, ogún ibi ni wọ́n ń tọ́jú ẹyọ eré kan sí. Bí mo bá sọ ìtàn yìí, wọ́n á ní, "Mọ́mì, ẹ ò bá kàn padà sẹ́yìn." Lọ́dún tó kọjá, mo rí ẹ̀rọ náà nínú àpótí ìyá mi, mo tàn án, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ku wákàtí mẹ́rin kí ìrìn wa pé igba. Àwa nìyẹn, a dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí mo tì. Mo ti mọ iṣẹ́ tí wọ́n rán wa sórí, mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Kò kàn sí ẹni tí n ó jẹ́ ẹ fún.