Omi Tí Mọ́tò Bàbá Músílíù Ń Mu

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo ń wa mọ́tò ní Atakpamé, ìlú kan lókè Lomé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e sínú. Ẹ̀yin tí ẹ ń di ìdarí mú lónìí, tìtorí yín gan-an ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Láyé ìgbà náà, àwọn Faransé ló ń ṣe ìjọba lé wa lórí. Àwọn Jámánì ti lọ, ṣùgbọ́n rélùwéè tí wọ́n ṣe ṣì ń dé Agbonou lẹ́bàá Atakpamé. Ọ̀gá mi ni Bàbá Músílíù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta iyọ̀ àti aṣọ. Nígbà tí mo dé ìlú náà tí mi ò mọ ẹnì kankan, òun ló gbà mí sílé. Òun ló fẹ́ ìyàwó fún mi. Kì í ṣe ọ̀gá burúkú rárá, mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn.

Mọ́tò akẹ́rù rẹ̀ ti gbó kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Òyìnbó méjì ló ti lò ó rí. Ilẹ̀kùn ọ̀tún kò ṣeé tì, okùn la fi ń so ó. Síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbọ́ràn. A ó bu omi sí rédíétọ̀ rẹ̀ ní Atakpamé, ó di Notsé kí n tó tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Àfìgbà tí èèrùn ọdún kan dé, tí mọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo dúró lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó di ẹ̀ẹ̀mejì. Kò pẹ́ tó fi di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Omi á máa hó bí ìkòkò, ooru á máa bò wá níwájú, èmi náà á dúró títí ara rẹ̀ á fi tutù kí n tó rọ òmíràn sí i. Níbo ni omi náà ń gbà lọ? Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, mi ò rí ẹ̀kán kan. Mo fọwọ́ tọ gbogbo họ́ọ̀sì, gbígbẹ ni wọ́n. Mo tún fi wáyà dì wọ́n le. Bẹ́líìtì tó ń yí fáànù kò já, kò sì dẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo kó eérú nídìí ààrò ìyàwó mi, mo kù ú dáadáa, mo fọ́n ọn sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Mo ní bí omi bá kán, eérú á sọ fún mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Eérú gbẹ, ẹsẹ̀ alángbá nìkan ló wà lórí rẹ̀. Mo wá ṣí rédíétọ̀. Omi tó kún dé ẹnu lánàá ti lọ sílẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ kan.

Mo tún rọ omi kún un, mo dé e.

Àwọn obìnrin tí mo ń gbé lọ ọjà náà ti ń fura. Ìyá Àfúsá tó ń ta ata ní òun ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ó ní ohun tó bá ń mu tí kì í tọ̀, nǹkan ń bẹ nínú ikùn rẹ̀. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Mo wa mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Gáspà tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn Ifẹ̀ tó jẹ́ onílẹ̀ Atakpamé ni, onígbàgbọ́ tí kì í pa máàsì jẹ, lọ́dọ̀ àwọn Jámánì tó ṣe rélùwéè ló sì ti kọ́ iṣẹ́ irin. Èdè rẹ̀ àti tiwa bí ọmọ ìyá ni, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn mo máa ń ní kó tún un sọ. Lọ́jọ́ yẹn, mo ní kó tún gbogbo rẹ̀ sọ.

Ó kọ́kọ́ fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì tó yẹ kó dúdú ti funfun bí ẹ̀kọ. Ó nu irin náà, ó tì í padà. Ó ní kí n tan ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì tutù, kí n fi rédíétọ̀ sílẹ̀ láìdé. Àwa méjèèjì tẹjú mọ́ omi náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìtakùtẹ̀ roboto bí ti ọṣẹ, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni pé ẹnìkan ń mí nísàlẹ̀ ibẹ̀. Kò tíì gbóná o. Kò tíì sí ohun tó yẹ kó máa hó.

Ó lọ sẹ́yìn, ó na ọwọ́ sí ẹnu páìpù tí èéfín ń gbà jáde. Èéfín náà funfun. Nígbà tó fi ọwọ́ hàn mí, omi wà lára rẹ̀.

Ó ní, “Ibi tí omi rẹ ń lọ nìyẹn. Gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ́ sáàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ ni. Omi ti rí ọ̀nà wọ inú iná àti inú ọ́ìlì, iná náà sì ti rí ọ̀nà wọ inú omi.”

Mo bi í pé kí ni ṣíṣe. Ó ní kí a ránṣẹ́ sí Lomé fún òmíràn, kí mọ́tò dúró títí yóò fi bá rélùwéè dé.

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, ó di apá mi mú. “Láísì, gbọ́ èyí dáadáa. Tó bá gbóná, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ìdérí yẹn. Mọ́tò mìíràn lè ta díẹ̀ síni lára. Èyí ní agbára iná lẹ́yìn. Ojú ẹni tó bá ṣí i ni yóò lọ.”

Mo gbọ́. Ẹ ṣáà rántí pé mo gbọ́.

Mo délé, mo sọ fún Bàbá Músílíù pé gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, pé ó yẹ ká dúró. Ó gbà kí a ránṣẹ́ sí Lomé, ṣùgbọ́n ó ní iyọ̀ òun wà nílẹ̀ ní Notsé, òun ò lè fi í sílẹ̀.

Ó ní, “Ṣé mọ́tò tó gbé ọ lọ lánàá ni kò ní gbé ọ lọ lọ́la?”

Mo ní, “Bàbá, ẹ̀rù ló ń bà mí.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Èmi fúnra mi á bá ọ lọ. Ẹ̀rù á tán.”

Mo ní ó dáa. Ọ̀rọ̀ ìdérí wà lẹ́nu mi, mi ò sọ ọ́. Mo rò pé ó máa dà bí ẹni pé mo ń kọ́ ọ bí yóò ṣe lo ohun tí òun fúnra rẹ̀ rà.

A lọ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo dúró ká tó dé Notsé. Nígbà tí à ń bọ̀, iyọ̀ kún ẹ̀yìn, obìnrin mẹ́ta jókòó lórí rẹ̀. A ti ń sún mọ́ Agbonou, tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń fi òòlù lu irin. Èéfín funfun bo ojú ọ̀nà lẹ́yìn wa. Mo dúró, mo fi òkúta há táyà. Omi inú agolo wa ti tán.

Odò kékeré kan wà nísàlẹ̀. Mo gbé agolo. Mo sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n má ṣe sún mọ́ iwájú mọ́tò. Lẹ́yìn náà ni mo wo Bàbá. Ó jókòó, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ọrùn, ó ń wo oòrùn nítorí ìrun Alásàrì. Ṣé èmi, ọmọ tó tọ́, ni màá máa sọ fún un pé má ṣe tibí, má ṣe tọ̀hún? Mo yíjú padà, mo lọ.

Mo ń bomi lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ṣàààà, bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ ti irin bọ omi. Igbe àwọn obìnrin ló tẹ̀ lé e. Mo sọ agolo nù, mo sáré. Mo tún rántí pé omi tútù la máa nílò, mo padà lọ gbé e.

Ó ti fi áńkáṣíìfù ṣí ìdérí náà. Àwọn obìnrin ní ó sọ pé kí mọ́tò lè mí díẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kò sunkún, kò pariwo. Nígbà tí mo da omi sí i lójú, ó bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, “Láísì, ṣé ilẹ̀ ti ṣú ni?”

Oòrùn ń ran gan-an ni.

Àwọn àgbẹ̀ tó ń darí oko bọ̀ bá wa gbé e sórí pákó. Ẹsẹ̀ la fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Atakpamé. Awọ ojú rẹ̀ sàn nígbà tó yá. Ojú òsì lọ pátápátá. Ojú ọ̀tún ń rí ìmọ́lẹ̀ bí ẹni fi aṣọ bojú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí gásíkẹ́ẹ̀tì dé, Bàbá Gáspà wá tú ẹ́ńjìnnì nínú àgbàlá wa. Bàbá Músílíù ní kí wọ́n mú òun lọ síbẹ̀. Bàbá Gáspà di ìka rẹ̀ mú, ó gbé e lé ibi tó jó lára gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà. Kò fẹ̀ ju èékánná lọ.

“Ibi kékeré báyìí?”

“Ibẹ̀ ni, Bàbá.”

Ó ń fi ìka ra á fún ìgbà pípẹ́. Ó wá bi í pé, “Ṣé o mọ̀ pé ó lè tú jáde báyẹn?”

Bàbá Gáspà wò mí. “Mo sọ fún Láísì.”

Bàbá Músílíù yí ojú sí ibi tó rò pé mo wà. Kì í ṣe ibẹ̀ ni mo wà. “Láísì, o mọ̀?”

Mo ní mo mọ̀.

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Mo ń bọ̀wọ̀ fún yín ni, Bàbá.”

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó ní, “Ọ̀wọ̀ yẹn pọ̀ jù fún mi.” Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ títí ó fi padà sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ni mo mú un lọ́wọ́ wọ rélùwéè ní Agbonou.

Ohun tí mo kọ́ nìyí. Bí mọ́tò yín bá ń mu omi tí ilẹ̀ gbẹ, ẹ wo ọ́ìlì rẹ̀, ẹ wo èéfín rẹ̀, ẹ wo omi rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù. Bó bá gbóná, ẹ fi ìdérí sílẹ̀. Bí ẹ bá sì mọ ibi tí ewu wà, ẹ sọ ọ́ fún àgbà, bó tilẹ̀ máa pè yín ní aláfojúdi. Ó sàn kó bínú sí yín, kó sì máa fi ojú rẹ̀ wò yín.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ mọ̀ rí tí ẹ dákẹ́ lé lórí, kí ló sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ẹ sọ tiyín, mò ń gbọ́.