Ìkíni Lẹ́yìn Ìbọn Àgbá

Iṣẹ́ ọkọ mi ni kó máa fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ fa ọkọ̀ tó bá dákú lójú títì Kaduna. Mo ti bá a jókòó níwájú ọkọ̀ náà lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ ọjọ́ tó fa ìbọn àgbá ni mi ò lè gbàgbé.

Àwọn àgbà sójà tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín. Wọ́n ní ó ti wà láti ayé ogun Bọ́mà. Wọ́n ti jó irin dí ẹnu rẹ̀ pa, wọ́n tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ní Kudenda, wọ́n sì kùn ún títí ó fi ń dán, kí wọ́n lè gbé e síwájú gbọ̀ngàn wọn ní Malali. Ìbọn yẹn rẹwà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò ní bíréèkì tirẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ gígùn sì nà sẹ́yìn lójú títì. Ọkọ mi fi irin so ó mọ́ ọkọ̀, ó ta aṣọ pupa mọ́ ẹnu rẹ̀. Èmi gbé ọmọ wa lẹ́sẹ̀, torí a ń lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lápá ibẹ̀.

Ohun tó kọ mí lóminú ni pé àwọn èèyàn ò sá fún ìbọn náà. Ńṣe ni wọ́n ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń gbé Kaduna mọ̀ ọ́n: bí nǹkan sójà bá ń lọ, lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, wọn ò ní dá ọ dúró níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò. Èmi náà ti wọ ọkọ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí, inú wa sì ń dùn. Bí àwọn sójà tó ń yẹ ọkọ̀ wò ṣe júwọ́ sí wa pé ká kọjá, gbogbo ọkọ̀ ẹ̀yìn rọ́ tẹ̀ lé wa. Ẹni tó sún mọ́ wa jù ni onímárúwá kan tó kó àwọn ọmọbìnrin iléèwé, hìjáàbù funfun lórí wọn. Ó ti yọrí sápá òsì wa, ó fẹ́ yọ́ kọjá.

A dé ráńdàbáótù tí a ó ti yà sọ́tùn-ún. Ọkọ mi wo dígí, ó sì dá ọkọ̀ dúró gbọnin.

"Bí mo bá yà báyìí," ó ní, "iwájú á lọ sọ́tùn-ún, ẹnu ìbọn á gbá lọ sósì. Àwọn ọmọ yẹn ló máa gbá."

Hóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹnì kan fi èdè Haúsá pariwo pé, "Dírẹ́bà, ogun ti parí tipẹ́, máa gbé e lọ sílé!" Òmíràn ní bóyá ẹ̀tù ló tán nínú ìbọn. Ká ní èmi ni, ǹ bá ti bú wọn padà. Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, èmi náà gbé ọmọ tẹ̀ lé e dé ẹ̀gbẹ́ títì.

"Mallam, sannu da aiki," ó kí onímárúwá náà kú iṣẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ yà, tàbí kí ẹ kúrò fún—"

"Ina kwana?" Ọkọ mi ń bi í bóyá ó jí ire.

"Lafiya lau." Àlàáfíà ni.

"Yaya gida? Yaya iyali?"

Ilé ńkọ́, aya àtọmọ ńkọ́. Ẹni tí wọ́n bá kí báyẹn lọ́dọ̀ wa kò lè ṣe kó má dáhùn, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sì ń mú ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ọkọ mi, tó jẹ́ pé imú ló fi ń kùn dá mi lóhùn láàárọ̀, ló ń béèrè àárẹ̀, ó ń béèrè òjò, ó ń béèrè ọjà. Nígbà tí wọ́n fi dé "Alhamdulillahi," onímárúwá ti pa ẹ́ńjìnnì.

"Mallam, dákun, wá bá mi wo nǹkan."

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹnu ìbọn, ó wá ń rọra rìn gba ọ̀nà tí ìbọn náà máa gbà, ó na apá rẹ̀ gbọọrọ. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ parí sí ni irin kẹ̀kẹ́ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà, tó ń jẹ àkàrà kósè. Onímárúwá wo ọwọ́, ó wo ọmọ.

"Wallahi," ó rọra wí.

Òun fúnra rẹ̀ ló ti kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn tọmọtọmọ, tó sì kọjú sí àwọn tó kù. "Ẹ padà! Ṣé ojú yín fọ́ ni?"

Awakọ̀ takisí kan bi í pé, "Ìwọ náà ti di sójà?"

"Mo ti di bàbá àwọn ọmọ tí kì í ṣe tèmi. Padà sẹ́yìn."

Ọkọ̀ kan sún, òmíràn sún. Ọkọ mi gòkè, ó yà. Mo dúró létí títì, mo rí i bí ẹnu ìbọn ṣe gbá kọjá gan-an níbi tí kẹ̀kẹ́ wà tẹ́lẹ̀, aṣọ pupa yẹn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́ lásán.

Ó dúró dè mí níwájú. Nígbà tí mo wọ ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò tíì kúrò lára sítíárì, òógùn sì ti rin ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ gbindin. Mo fi etí ìró mi nù ún fún un. Ó jẹ́ kí n nù ún, lójú títì, lójú gbogbo èrò.