Akínbọ̀dé Onípáànù àti Gọ́tà Àǹtí Fèyíkẹ́

Ọjọ́ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sá fún ẹ̀wà ni gbogbo Ajah mọ orúkọ Akínbọ̀dé. Káfíńtà òrùlé ni, ọmọ Ìkìrun, ó sì ń kan páànù ilé ńlá kan nínú ẹ́sítéètì kan lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kì. Ìgbà náà ni wọ́n ṣì ń fẹ ọ̀nà ọ̀hún, tí eruku kì í jẹ́ kí èèyàn mọ àwọ̀ ẹ̀wù ara rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó há ohun kan mọ́ abíyá: páànù òrùlé tó ká róbótó bí ọparun, tó gùn tó apá ọkùnrin, tó dé lórí, tó dí nídìí. Ẹ̀ṣọ́ kan fọwọ́ kàn án. Ó gbóná.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Kúlà ni."

"Kúlà wo ló rí báyìí? Ẹ ṣí i ká wò ó."

"Kì í ṣí bẹ́ẹ̀ yẹn. Àfi kí n fi òòlù lù ú."

Òòlù yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́, bọ́ǹbù ni wọ́n pè é. Kí Akínbọ̀dé tó gbé òòlù sókè, ẹ̀ṣọ́ kan ti wà lẹ́yìn típà, èkejì ti sọdá títì. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì, ìdérí fò, òórùn ẹ̀wà àti ata díndín gba gbogbo ẹnu géètì. Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ rọra padà wá, ó sì yọjú wo inú páànù náà. "Bàbá," ó ní, "ẹ ò mú búrẹ́dì dání ni?"

Fèyíkẹ́ ló se ẹ̀wà náà, òun ló sì mọ ìdí tí àgbàlagbà fi ń gbé oúnjẹ sínú páànù òrùlé. Nítorí tirẹ̀ ni.

Búkà onígi kan ni Fèyíkẹ́ ní lẹ́bàá gọ́tà Ọ̀nà Adó. Bíríkìlà, káfíńtà àti àwọn tó ń lẹ táìsì ni oníbàárà rẹ̀, àwọn tó ti Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ wá kọ́lé fún àwọn tí wọn ò lè bá gbé inú ilé náà. Láyé ìgbà yẹn, páàkì funfun ni gbogbo wọn fi ń ra oúnjẹ lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á ju páàkì nù, atẹ́gùn á gbé e, gọ́tà á gbà á. Ọdún tí òjò wá rọ̀ gidi, gọ́tà kọ̀, omi yà wọ pálọ̀ Alàgbà Ọláyọdé, alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò. Kápẹ́ẹ̀tì wọn léfòó.

Ọláyọdé wá bá Fèyíkẹ́ lójúkojú. "Páàkì rẹ ló dí gọ́tà yìí. Bí omi bá tún wọ ilé mi lẹ́ẹ̀kan péré, a máa wó búkà yìí."

Fèyíkẹ́ kò ní ibòmíràn. Búkà yẹn ló ń rán Dábírà ọmọ rẹ̀ níléèwé, òun ló ń san owó ilé wọn. Ó ń bẹ̀bẹ̀, Akínbọ̀dé sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹun tirẹ̀. Nígbà tí Alàgbà lọ tán, Akínbọ̀dé gbé páàkì ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni yẹ pákó tí kòkòrò ti jẹ.

"Fèyíkẹ́, owó nǹkan yìí wà nínú owó oúnjẹ mi?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"Oúnjẹ ni mo wá rà. Ta ló ní kí o ta ìdọ̀tí mọ́ ọn fún mi?"

Láti ọjọ́ kejì, ó di adènà ẹnu búkà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra oúnjẹ láìgbé abọ́ wá. Tájù bíríkìlà ló kọ́kọ́ kò ó.

"Tájù, abọ́ dà?"

"Bàbá, mi ò gbé abọ́ wá síbi iṣẹ́."

"Ṣé o gbé ẹnu wá?"

"Ẹnu wà lára mi kẹ̀."

"Ó dáa. Lọ gbé èyí tó kù wá."

Ebi ò jẹ́ kí Tájù rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣí akoto ìkọ́lé tó dé sórí, ó dojú rẹ̀ sókè, ó nà án sí Fèyíkẹ́. Akínbọ̀dé wo inú rẹ̀. "Fọ̀ ọ́ ná," ó ní. Tájù fọ̀ ọ́, wọ́n bu ìrẹsì sí i, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì tún dé akoto padà sórí. Títí iṣẹ́ fi parí lọ́jọ́ náà, àwọn eṣinṣin ò fi Tájù sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn kọ́ ló ní akoto. Oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ olóúnjẹ ìsàlẹ̀, ìkòkò Fèyíkẹ́ sì ń kún délé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ju ìgbakọ sílẹ̀.

"Bàbá, Alàgbà fẹ́ fi òjò lé mi lọ. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ ní í jẹ́ kí òjò dé kí ẹ tó lé mi."

Akínbọ̀dé dìde, ó fi oúnjẹ sílẹ̀ láìjẹ ẹ́ tán. Kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí. Ó lọ, kò sì yọjú fún ọjọ́ mélòó kan. Fèyíkẹ́ ò gbádùn ara rẹ̀. Ó rò pé òun ti sọ̀rọ̀ sí àgbà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìgbà tó máa dé, ariwo páànù ló kọ́kọ́ dé. Àjákù páànù òrùlé tí ó yẹ kó jù nù ló ká, ló lẹ̀, tó fi ṣe kúlà fún gbogbo oníbàárà Fèyíkẹ́, ó sì fi ìṣó lu àmì sí i lára kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ti ẹlòmíràn. Akoto ló yà sára ti Tájù. Àjákù náà kò fẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo kúlà fi gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìdérí sì le bí ẹnu ahun.

Tájù ló kọ́kọ́ ráhùn. "Bàbá, ẹran wà nísàlẹ̀, ṣíbí ò dé ibẹ̀."

"Jẹ ìrẹsì tán ná, wàá kàn án. Àbí níbo ni wọ́n ti tọ́ ẹ, tí o fẹ́ fi ẹran ṣáájú?"

Ní ti ìdérí, kò sí ọgbọ́n míì ju òòlù lọ. Bó bá ti di ọ̀sán, gbogbo sáìtì á máa dún gbàù gbàù. Ẹnjiníà Akínwálé, tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, ń kọjá lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ ọ, ó dúró. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń kọ́lé, òun ò tíì rí òṣìṣẹ́ tí kì í sinmi láti jẹun. Mínírà tútù ló rà fún gbogbo wọn, wọ́n sì fi ti ìrẹsì sọ́nà ọ̀fun.

Kò fi mọ sí sáìtì. Aláṣọ funfun ni Akínbọ̀dé, ìjọ wọn wà ní Awoyaya, ó sì gbé kúlà há abíyá sùtánà lọ síbi ìkórè. Obìnrin tó ń pín oúnjẹ ní ó ti wà nínú páàkì tẹ́lẹ̀. Bàbá dà á sínú kúlà, ó dá páàkì padà fún un.

"Bàbá, ẹ ti fi ata yí i."

"Fún ẹni tó fẹ́ràn ata."

Òjò tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù dé. Láti ìdájí ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, omi ti kún gọ́tà dé etí. Fèyíkẹ́ ti ń di ìkòkò rẹ̀ pọ̀. Alàgbà Ọláyọdé dé pẹ̀lú bàtà òjò àti agboòrùn, àwọn onílé méjì tẹ̀ lé e. Ó ti igi bọ gọ́tà, ó rò ó, páàkì funfun kan sì yọ lójú omi.

"Ṣé o rí i? Ṣé o ti fojú ara rẹ rí i báyìí?"

Akínbọ̀dé dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó ká ṣòkòtò, ó wọnú gọ́tà. Ó mú páàkì náà, ó sì fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ orí rẹ̀. Fọ́tò kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: bàbá kan tó dé fìlà tó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó pé àádọ́rin ọdún láyé. Akínbọ̀dé wo fọ́tò, ó wo Ọláyọdé, ó tún wo fọ́tò.

"Alàgbà," ó ní, "fìlà yìí yẹ yín o."

Ikọ́ ló ń gbé àwọn onílé méjèèjì, tàbí ohun tó jọ ikọ́. Kó tó dáwọ́ dúró, wọ́n ti rí i pé omi gọ́tà ń fà, kò sì sí ilé kankan tó wọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó Ọláyọdé wá ra ìrẹsì ní búkà. Abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún tó kọjá ni Akínbọ̀dé kú sínú yàrá rẹ̀ ní Awoyaya, láìdá ẹnikẹ́ni láàmú. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ wọ funfun, wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán sìn ín dé etí títì, kí ọkọ̀ tó gbé e lọ sí Ìkìrun. Fèyíkẹ́ ló se oúnjẹ ìrìn àjò. Ó kọ̀, kò gbowó rẹ̀.

Òjò ọdún yìí náà pọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ká àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ abẹ́ búkà, Tájù wà níbẹ̀, káfíńtà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìsẹ́yìn dé náà jókòó síbẹ̀. Onímọ́tò kan dúró, ó sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀.

"Màdáámù, ẹ bá mi di ìrẹsì sínú ọ̀rá, màá fi owó lé e."

"Ọ̀rá ò sí, ẹ̀gbọ́n. Àwo wà, bẹ́ǹṣì náà wà. Ẹ máa bọ̀."

Ọkùnrin náà wo òjò, ó ṣépè díẹ̀ sínú, ó sì sáré wọlé. Ará Ìsẹ́yìn mirí. "Àǹtí, ẹ le o. Ta ló kọ́ yín?"

Tájù ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Fèyíkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó la ẹnu láti sọ ti àwọn ẹ̀ṣọ́ tó sá fún ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò jáde bẹ́ẹ̀.

"Bàbá kan ni," ó ní. "Ibi tí o jókòó sí yẹn ni wọ́n máa ń jókòó."

Káfíńtà náà sáré fẹ́ dìde.

"Jókòó," Fèyíkẹ́ ní. "Jókòó jàre, jẹun."

Ó bu ẹran kan kún àwo rẹ̀. Lẹ́yìn wọn, omi òjò ń gba inú gọ́tà lọ sí ọ̀sà, kò dúró níbì kankan.