Ogójì Ìkòkò Dawkit

Nígbà tí Dawkit fi máa ti odò dé, Norden ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbá gbogbo ilé, ó ti sun pàǹtí, ó sì ti to ogójì ìkòkò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n mọ́ tónítóní. Ọ̀túnla ni ọdún Namsoong, àwọn Lepcha, ẹ̀yà wọn tó ń gbé àárín òkè, kì í sì í jẹ́ kí ọdún tuntun bá ìdọ̀tí nílé.

 Dawkit bi í pé níbo ló da yẹ̀pẹ̀ inú wọn sí.

"Orí ebè aáyù. O ò tiẹ̀ kí mi kú iṣẹ́? Láti àná tí mo ti dé lo ti ń wọ́n omi sí yẹ̀pẹ̀ lásán. Mo ní bóyá ọkọ lò ń gbìn."

Ìgbà òtútù nìkan ni Norden máa ń wálé láti ìlú tó ti ń wa ọkọ̀. Tẹ́lẹ̀, ìyá wọn ló ń gbálẹ̀ ọdún, ìyá sì mọ ohun tó wà nínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n ìyá ti kú nígbà òjò.

Òdòdó sálúbàtà ló wà nínú wọn, òdòdó orí òkè tí ẹnu rẹ̀ rí bí bàtà. Bí òtútù bá dé, ewé rẹ̀ á rọ, gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ á wọlẹ̀, á ku imú kékeré kan bí eyín eku. Ọdún méje ni Dawkit fi tọ́ wọn. Irúgbìn rẹ̀ dà bí eruku, kò sì ní hù àfi nínú yẹ̀pẹ̀ orí òkè tí olú funfun ti ta bí òwú. Ẹ̀yìn ara rẹ̀ ni Dawkit fi pọn yẹ̀pẹ̀ ọ̀hún wá. Ó lé lọ́dún méjì kó tó rí ewé kankan. Ajílẹ̀ díẹ̀, wọ́n jẹrà. Oòrùn díẹ̀, wọ́n gbẹ. Ọdún tó ń bọ̀ yìí ni ìbá kó wọn padà sórí òkè, níbi tí kò ti ku ẹyọ kan.

Norden ló mú àjèjì gun òkè náà nígbà kan, tòun ti ọkọ́, tí wọ́n hú gbogbo rẹ̀ lọ.

"Ó yẹ kó o ti sọ fún mi," Norden wí.

"Àwọn tẹ́ ẹ mọ̀ lórí òkè ńkọ́, kí lẹ fi wọ́n ṣe?"



Dawkit kúnlẹ̀ ti ebè aáyù, ó ń fi ìka wá wọn nínú ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n fi ṣe ajílẹ̀ rẹ̀. Imú àkọ́kọ́ tó rí ti kán. Norden náà bẹ̀rẹ̀, ó nawọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ bá mi di apẹ̀rẹ̀ mú, kẹ́ ẹ dúró síbi tí òjìji yín á ti bo oòrùn."

Norden dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Mẹ́sàn-án péré ló yè. Dawkit fi ewéko tútù wé wọn, ó wo àwọn ìkòkò tí kò ku èérún yẹ̀pẹ̀ kan nínú wọn.

"Lọ́la, ẹ̀yin lẹ máa gun òkè lọ pọn yẹ̀pẹ̀ wá."

Norden ní yìnyín ti bo ibẹ̀, pé ọ̀la sì ni àìsùn ọdún.

"Ẹ ṣáà mọ ọ̀nà ibẹ̀," Dawkit wí, ó gbé apẹ̀rẹ̀ wọlé.