Fíìmù Erékùṣù

Òórùn aṣọ tútù tó ń gbẹ lórí radiator tó ń mú yàrá móoru máa ń mú mi padà sí pálọ̀ wa ní Moss Side nílùú Òyìnbó, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Mọ́mì ń lọ aṣọ mi, wọ́n ń tò ó sínú àpótí. Èmi ń wo fíìmù àwọn ará Japan kan, nípa ìyá àti ọmọbìnrin rẹ̀ ní erékùṣù kékeré kan. Torí pé ojú Mọ́mì wà lára áyọ́ọ̀nù, mò ń ka ọ̀rọ̀ abẹ́ fíìmù náà sí wọn létí.

Ìyá náà mú ọmọ rẹ̀ dé etíkun, ó fà á lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, kó lè lọ kàwé nílùú ńlá.

"Kí ni ọmọ yẹn sọ?" Mọ́mì bi mí.

"Kò sọ nǹkan kan. Ó ń jẹ ọsàn."

"Ṣé kò sunkún ni?"

"Rárá, Mọ́mì. Ìyá ẹ̀ ló ń sunkún. Ọmọ náà rò pé òun máa padà lọ́la."

Mọ́mì pa áyọ́ọ̀nù. Wọ́n jókòó tì mí títí ọkọ̀ náà fi kéré lójú omi. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ mi jáde nínú àpótí.

"Mọ́mì, ṣé a ò lọ holiday mọ́ ni?"

"A ò lọ mọ́. Lọ fọwọ́ ẹ, ká jẹun."

Mo ti dàgbà kí ẹ̀gbọ́n Mọ́mì tó sọ fún mi pé èmi nìkan ni wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì fún, pé ọ̀dọ̀ Màmá Àgbà ní Abẹ́òkúta ni wọ́n fẹ́ kí n máa gbé, nítorí night shift wọn. Lọ́jọ́ òjò yẹn, ohun tó dùn mí ni pé mi ò ní wọ bàálù.