Ẹ̀rọ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn

Ìyá Oníṣọ́ọ̀kì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní yunifásítì, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń ya ẹ̀rọ ìgérin sójú pátákó fún wọn, tòun ti abẹ àti bọ́tìnnì, ó kù kó máa pariwo ni. Bí ọmọ kan bá béèrè bí irin ṣe ń gbóná tí wọ́n bá ń gé e, á fi ṣọ́ọ̀kì pupa kùn ún.

Nígbà tó yá, ọ̀gá àgbà yunifásítì wọkọ̀ òfuurufú lọ sókè òkun, ó tọwọ́ bọ̀wé àjọṣepọ̀ pẹ̀lú yunifásítì ńlá kan níbẹ̀. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá gboyè jáde lọ́dọ̀ àwọn, iṣẹ́ ni yóò máa wá a kiri. Lóòótọ́, kò pẹ́ tí ẹ̀rọ ìgérin gidi fi dé. Wọ́n gbé e sínú yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà, wọ́n faṣọ bò ó, wọ́n sì fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn. Ó di ọjọ́ tí àwọn àlejò òkè òkun bá wá ṣí i kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

"Ṣé ẹ ò rí àwọn ọmọ wọ̀nyí ni?" ọ̀gá àgbà bi Ìyá Oníṣọ́ọ̀kì. "Wọ́n á bà á jẹ́."

"Òótọ́ ni, sà. Kí wọ́n kúkú lọ ba ti ẹni tó máa gbà wọ́n síṣẹ́ jẹ́."

Ọ̀gá àgbà mi orí. Ó rò pé olùkọ́ náà ń gba tòun ni.

Ọmọ àbúrò Ìyá Oníṣọ́ọ̀kì, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, gboyè jáde lọ́dún náà. Àmì yunifásítì méjèèjì wà lórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó rẹwà débi pé wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ọmọ náà wá iṣẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ kan. Nígbà tó padà délé, kò tilẹ̀ lè bọ́ bàtà.

"Àǹtí, wọ́n ní kí n tan ẹ̀rọ ìgérin."

"O wá ṣe báwo?"

"Mo ní mo mọ̀ ọ́n dáadáa, pé mo máa ń rí i lójú fèrèsé, lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò ó."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Oníṣọ́ọ̀kì kó kíláàsì rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ọmọ àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Ó fa ayùn irin yọ nínú báàgì, ó ń fi rẹ́ àgádágodo.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ó ní, òógùn ti bò ó. "Ẹ̀kọ́ kìíní lórí irin gígé nìyí."

Láti ọjọ́ náà, òróró ẹ̀rọ ò kúrò lára aṣọ wọn mọ́. Irin tí wọ́n bà jẹ́ kò níye, ṣùgbọ́n kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ.

Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ìbáwí yunifásítì pe Ìyá Oníṣọ́ọ̀kì láti wá jẹ́jọ́ àgádágodo tó gé gan-an ni àwọn àlejò já wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n bá àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn nídìí ẹ̀rọ, inú wọn dùn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n béèrè ẹni tó gbọ́n ọgbọ́n yìí.

"Èmi ni," ọ̀gá àgbà dáhùn. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ní kí wọ́n máa lò ó."

Ọmọ àbúrò Ìyá Oníṣọ́ọ̀kì ya ẹnu láti sọ òótọ́. Àǹtí rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bí ẹjọ́ ṣe tú ká nìyẹn. Ọmọ náà ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe páìpù, ó ń wálé pẹ̀lú eruku irin nínú irun. Ìyá Oníṣọ́ọ̀kì wá lọ tọrọ òróró tí wọn yóò máa fi sí ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà. Ọ̀gá àgbà ní òróró ò sí nínú àdéhùn, kó jọ̀ọ́ má dá òun dúró, òun ń lọ tọwọ́ bọ òmíràn.