Kókó Ìka Ẹsẹ̀ Mi

Bàtà tí mo wọ̀ lọ́jọ́ yìgì há mi lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ mo ń wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà nítorí ó wù mí. Kó tó pé ọdún kan, kókó líle yọ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi, ó ń gún mi bí ẹ̀gún.

Mílíìkì inú agolo ni mò ń tà ní Òkè Àrin, níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ti kìlọ̀ pé bí mo bá pa ọjà jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, òun á fi ẹlòmíì sí ààyè mi. Ẹsẹ̀ yìí ti jẹ́ kí n pa méjì jẹ. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa fi epo gbígbóná pa á. Mo pa á títí, kókó kàn ń dán ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ ìró àlùmọ́gàjí lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Gàmbàrí tó ń gé èékánná kiri ni. Òun ló máa ń fi abẹ ha irú kókó yìí fáwọn ọkùnrin agboolé wa. Mo gbé àpótí jáde.

Ìyá ọkọ mi fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rìn wá bá mi, bí wọ́n ṣe máa ń rìn.

"Ìyàwó, ṣé ọkùnrin àjèjì ló máa di ẹsẹ̀ rẹ mú? Obìnrin kan ò ṣe é rí nínú ilé yìí."

"Èmi á ṣe é, Ìyá. Ìtìjú ò lè bá mi tajà."

Inú ń bí mi. Mo gbé ẹsẹ̀ lé orúnkún bàbá náà níṣojú gbogbo ará agboolé. Ó fi omi gbígbóná rẹ ẹ́, ó ha á díẹ̀díẹ̀, títí ó fi yọ gbòǹgbò kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ. Nǹkan kékeré yìí ló fẹ́ gba ààyè mi lọ́wọ́ mi. Mo débi ọjà mi lọ́jọ́ náà.

Ìyá ọkọ mi bá mi yan odì. Lọ́sẹ̀ kejì, àlùmọ́gàjí tún dún, wọ́n sì pè mí sí yàrá. Wọ́n na àtẹ́lẹsẹ̀ sí mi. Kókó mẹ́ta ló wà níbẹ̀. A ti ń rò pé ogbó ló ń jẹ́ kí wọ́n máa rìn bẹ́ẹ̀.

"Ó ti lé lógún ọdún," ni wọ́n wí. "Pè é wọlé, kí o ti ilẹ̀kùn."

Àánú wọn ṣe mí, ṣùgbọ́n mi ò ti ilẹ̀kùn kankan. Mo gbé àpótí síta, síbi tí èmi náà jókòó sí.

"Bàbá ti ń dúró, Ìyá. Ẹ máa bọ̀."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n jáde.